Orin Tí Kì Í Parí ní Ìlà Tin Can

Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni ọkọ mi, Oyèníran, màá ní awakọ̀ tírélà ni. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ bó bá ń sọ fún yín pé olórin lòun. Ọ̀gá kan ní Apapa ló ni ọkọ̀, òun ló ń wà á: kọntéínà ló ń gbé wọ èbúté Tin Can, kọntéínà ló ń gbé jáde, orí ìjókòó ọkọ̀ yẹn ló sì hu ewú sí. Èmi aránṣọ ni mí, ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀. Mo ti bá a gbé débi pé mo mọ ìgbà tó bá ń purọ́, mo mọ ìgbà tí ebi bá ń pa á, mo sì mọ ìgbà tí okùn gìtá rẹ̀ bá dẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ìmọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ wá sílé ọkọ.

Ọdún 2009 ni gìtá náà wọlé wa. Wọ́n ń já ẹrù tòkunbọ̀ nínú kọntéínà kan ní Malu Road: fíríìjì, kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Gìtá yìí wà láàárín wọn nínú àpò dúdú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ihò àyà rẹ̀ kéré, ó rí bí ẹyin, kò rí rogodo bíi ti èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń rajà ní àfi kó jẹ́ pé wọ́n ti bà á jẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Oyèníran ní ó dáa lójú òun, ó gbé e, ó sì bá síídì kan nínú àpò náà. Ó ti síídì bọ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì máa fi dé ilé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá Moyọ̀, wá gbọ́ nǹkan."

Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ àkọ́bí wa. Mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e lọ síbi tó páàkì ọkọ̀ sí, mo gun inú rẹ̀ lọ. Gìtá ni mo gbọ́, ó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ń sáré, kò sì sí ìlù kankan níbẹ̀. Ọ̀kan ń ta orin, òun lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èkejì ló ń ti gbogbo rẹ̀ lọ síwájú, ó ń ṣe ṣàk-ṣàk, ṣàk-ṣàk, bí ẹni tí inú ń bí tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá àgbàlá. Mo ní ó dáa. Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá ní kò dáa.

Pamílẹ́rìn, àbúrò mi ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ló bá wa wádìí irú orin náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní jáàsì àwọn Jípísì ni. Ó ní ẹ̀yà kan ni wọ́n ní ilẹ̀ Yúróòpù, pé láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú wọn ń gbé inú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

"Ṣé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń sùn?" Oyèníran bi í.

"Inú ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá."

"Tí wọ́n ń dáná lẹ́bàá títì?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá."

"Àwa náà nìyẹn," ọkọ mi ní, ó sì gbé gìtá rẹ̀ bí ẹni tó ti rí ẹbí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè bá mi káàánú ara mi. Kò ní nǹkan tó lè fi mọ̀ bóyá okùn gìtá rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Jẹnẹrétọ̀ Chinwe ló gbára lé. Chinwe ni aládùúgbò wa tó ń ṣerun, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ a sì máa hùn lóhùn kan ṣáá tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Oyèníran á jókòó, á fa okùn kẹta títí á fi bá ohùn jẹnẹrétọ̀ mu, á wá fi ìyẹn tún àwọn yòókù ṣe. Tí Chinwe bá wá tan ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun oníbàárà, jẹnẹrétọ̀ á kérora, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, Oyèníran náà á dẹ gbogbo okùn. Tí Chinwe bá pa á, á tún fa gbogbo rẹ̀ le.

Mo ní, "Bàbá Moyọ̀, ṣé gìtá lẹ̀ ń ta ni, àbí ẹ̀ ń bá Chinwe ṣerun?"

Ó tún fa okùn kẹta le. Orí kunkun rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Nǹkan tí wọ́n fi ń ta okùn náà tún di wàhálà. Ó kọ́kọ́ fi káàdì tí wọ́n fi ń san owó sórí fóònù ta á, ó rọ̀ jù. Ó gé káàdì báńkì tó ti kú, ìyẹn náà ń ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó wo fídíò ọkùnrin kan tó ń ta irú gìtá yìí, ó ní nǹkan ọwọ́ ọkùnrin náà nípọn bí èékánná àtàǹpàkò. Ara mi ò gbà á mọ́, mo ṣí àpótí bọ́tìnnì mi, mo mú bọ́tìnnì ńlá kan tí mo tú lára kóòtù òyìnbó jáde. Ó fi ha símẹ́ǹtì títí ẹnu rẹ̀ fi tẹ́, ó fi ta okùn, ohùn náà sì jáde gán-ún. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo pe ara mi ní ọ̀gá fún odindi ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lọ́dún 2014 ló ra fóònù Andirọ́ìdì. Pamílẹ́rìn gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó oríṣiríṣi áàpù sí i. Èyí àkọ́kọ́ ni ti okùn: ọ̀pá tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n, tí okùn bá sì ti dáa, á dúró sójú kan, á di àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, áàpù náà ní kò sí okùn kan tó dáa lára gìtá rẹ̀. Oyèníran ní fóònù ló bàjẹ́. Ó gba fóònù Pamílẹ́rìn, ìyẹn náà ní kò sí èyí tó dáa. Ó gba tèmi, ó lọ gba ti Chinwe pàápàá. Ìgbà yẹn ló tó gbà pé jẹnẹrétọ̀ ti ń tan òun jẹ látọjọ́ yìí.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ó máa ń dín eré orin kù. Orin tó ń sáré á wá máa rìn jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ò sì ní yí padà, tí Oyèníran á fi lè gbọ́ ìka olórin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ò mọ̀ ju kó máa ké kọ́, kọ́, kọ́ lọ, kéèyàn má bàa sáré, kó má sì bàa fà. Èyí tó wá fẹ́ràn jù ni èyí tó ń ta gìtá kejì fún un, ṣàk-ṣàk yẹn gan-an. Á tẹ irú àtòpọ̀ ohùn tó fẹ́ sí i, áàpù á máa ta á lọ, á máa yí po, títí bátìrì á fi kú. Orí èyí ló ti hun orin kan fúnra rẹ̀. Kò sọ ọ́ lórúkọ. Ó lẹ́wà o. Mo máa ń kùn ún nídìí máṣíìnì mi, tó bá sì wọlé, màá dákẹ́ kó má bàa gbéra ga.

Nígbà náà, ìlà àwọn tírélà tó fẹ́ wọ Tin Can ti di ibi tí wọ́n ń sùn sí. Awakọ̀ á wà nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á wẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ìyàwó á gbé oúnjẹ wá bá a. Èmi náà wà lára àwọn ìyàwó tó ń gbé oúnjẹ. Àwọn awakọ̀ tó kù á máa sùn tàbí kí wọ́n máa ta ayò, ọkọ mi á ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, á so fóònù mọ́ iná ọkọ̀, á sì máa kọ́ gìtá. Ó ní òun ò tíì rí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó dáa tó iwájú tírélà.

Àmọ́ ìlà náà ní òfin tirẹ̀. Tí ẹni iwájú bá sún, kí ìwọ náà sún kíá, torí tí àlàfo bá ṣí níwájú rẹ, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lo dá dúró. Lọ́jọ́ kan, ìlà sún, ọkọ mi ò gbọ́. Wọ́n fun fèrè, kò gbọ́. Fidelis, ọmọ Ígbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ara rẹ̀ ò gba gbẹ̀rẹ́, fò gun ọkọ̀ náà, ó fa ohun ìgbọ́rọ̀ yọ létí rẹ̀.

"Oga, you dey sleep abi you don die?"

Ariwo sọ. Àwọn awakọ̀ ní láti ọjọ́ náà lọ, Oyèníran ò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ etí nínú ìlà mọ́. Tó bá fẹ́ ta gìtá, kó ta á síta kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ìyà ni wọ́n rò pé wọ́n fi jẹ ẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ara wọn ni.

Ó ra sìpíkà kékeré, ó ń gbé gìtá kejì ti inú fóònù jáde nínú rẹ̀, ó sì ń ta orin rẹ̀ lé e lórí. Bí Ebikabowei ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Awakọ̀ lòun náà, ará Bàyélsà tó ń gbé Marine Beach, ó dàgbà ju ọkọ mi lọ dáadáa. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti ta gìtá ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Warri. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló máa ń bá a rìn. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó dẹtí sílẹ̀.

"Who dey play the second guitar?"

"Fóònù ni, ẹ̀gbọ́n."

Ebikabowei mi orí. "Inú fóònù yẹn ò dùn."

Ìgbà míì tí wọ́n tún bá ara wọn nínú ìlà, ó gbé gìtá tirẹ̀ wá, ògbólógbòó kan tí wọ́n ti lẹ ọrùn rẹ̀. Kò ní kí wọ́n jẹ́ kóun ta orin. Ṣàk-ṣàk yẹn ló gbà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni ń fẹ́ná. Ẹ ò rí bí ojú ọkọ mi ṣe tàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tíjà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sáré."

"I no run."

"Ẹ sáré! Ẹ jẹ́ ká gbé fóònù sí i kó máa kà á fún wa." Ó bá tan kọ́, kọ́, kọ́.

"Pa nǹkan yẹn. When belle sweet person, e go run small. Kí ìwọ náà bá mi sáré."

Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sáré. Ẹ̀rọ ló ti ń bá ta á láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í yọ̀, kì í rẹ̀ ẹ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, màá bá wọn tí wọ́n ń bá ara wọn jà bí orogún, oúnjẹ á tutù. Ó gbà á lákòókò kó tó lè gbójú kúrò lára fóònù, kó máa wo èjìká Ebikabowei. Ọjọ́ tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí èjìká náà ni mo mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i.

Orin tó hun fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá dojú kọ. Wọ́n kọ́ ọ ní jẹ́jẹ́, ní àbọ̀, wọ́n ń mú un yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ráyè ta á já rí. Tí wọ́n bá ti wọ ìdajì, ìlà á sún. Tí kò bá sún, òjò á dé, tàbí àwọn agbófinró á ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa ní kí ló dé tí wọn ò jókòó sílé ta á. Ilé wo? Ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wakọ̀ fún. Bí ọkọ mi bá wà nílé, Ebikabowei ti wà lọ́nà Kánò. Bí Ebikabowei bá dé, ọkọ mi ti wà nínú ìlà. Ìlà yẹn nìkan ló ń so wọ́n pọ̀.

Lọ́dún 2018, ojú Ebikabowei bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó sinmi, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé ní Bàyélsà. Ẹrù kan ṣoṣo ló kù tó máa gbé wọ Tin Can. Nígbà tí Oyèníran gbọ́, kò jẹun. Mo ní kí ló dé.

"Mi ò tíì gbọ́ orin yẹn já," ó ní. "Tí ẹ̀gbọ́n bá lọ, mi ò ní gbọ́ ọ já mọ́. Fóònù ò lè ṣe é."

Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí awakọ̀ Tin Can tó ń ṣe é. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì. Ebikabowei wà lẹ́yìn pátápátá. Ọkọ mi bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń juwọ́ sí àwọn ẹni ẹ̀yìn pé kí wọ́n máa kọjá, tí wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tórí rẹ̀ ti dàrú. Ibẹ̀ ló wà títí Ebikabowei fi bá a, ó wá padà bọ́ sínú ìlà níwájú rẹ̀. Fidelis náà wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ọkọ mi pè é, ọkọ mi ní ìlà ò sún. Èmi tí mo ti ń retí rẹ̀ nílé gbọ́ lẹ́nu ìyàwó awakọ̀ míì pé ọkọ mi ti fi àyè rẹ̀ tọrẹ. Inú bí mi gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé oúnjẹ, mo sì gbé ìbínú mi dání.

Mo bá wọn lórí àpótí, ní òjìji ọkọ̀ Ebikabowei. Wọ́n ti ń ta á. Mo gbé oúnjẹ àti ìbínú mi sílẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá lọ́jọ́ náà, fóònù ò lè sá a. Ọwọ́ Ebikabowei ń gbé orin náà, ọkọ mi ń gùn ún lọ, ojú rẹ̀ wà lára èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn awakọ̀ yọ orí síta lójú fèrèsé. Ẹnì kan ní, "Chai!"

Nígbà tí wọ́n wọ ìdajì, ìlà sún.

Fèrè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Fidelis já bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀, mo ní ó ti tán. Ó dúró níwájú wọn, ó wo ọwọ́ wọn. Ọkọ mi ò dúró, àmọ́ omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Oga Oye," Fidelis ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Make I carry am go front?"

Ẹ ò mọ Oyèníran. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn, àbúrò rẹ̀ gan-an tọrọ rẹ̀ rí, wọ́n sì bínú síra wọn fọ́dún kan. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Fidelis gun ọkọ̀ ọkọ mi. Awakọ̀ míì gun ti Ebikabowei. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn wọ ti Fidelis, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ ara wọn síwájú, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Òjìji bá àwọn ọkọ̀ náà lọ, oòrùn bọ́ sórí àwọn méjèèjì lójú títì, wọn ò gbórí sókè.

Orin náà wọ ibi tó gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti kùn ún títí. Ó yẹ kó dúró, kò dúró. Ọkọ mi wo Ebikabowei, Ebikabowei wo ọkọ mi, wọ́n tún yí po. Wọ́n débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún yí po. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Orí àyípo fóònù ló ti hun ún, fóònù ò sì mọ ìparí. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ronú kàn án rí, torí wọn ò débẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo la ti máa dúró?" ọkọ mi pariwo.

"Na you get the song!"

"Mi ò ṣe ìparí fún un!"

"Then no stop!"

Wọn ò dúró. Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún yìí wá pé kó sinmi gìtá, mò ń gbàdúrà nínú oòrùn kí wọ́n má dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbàlagbà ni ọwọ́ Ebikabowei. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ṣàk-ṣàk náà ń fà, ó ń fúyẹ́, ọkọ mi sì ń rọlẹ̀ bá a, kò já a sílẹ̀ rárá, títí ọkùnrin náà fi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí okùn.

"So na there e end," Ebikabowei ní, ó ń mí gule-gule.

"Ibẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n," ọkọ mi ní.

Ebikabowei ti wà ní Bàyélsà báyìí. Oyèníran ṣì ń wakọ̀, ó sì ṣì ń bá fóònù ta orin náà nínú ìlà. Tó bá wọ ibẹ̀ yẹn, fóònù á fẹ́ máa yí po lọ. Á na ọwọ́, á máa dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń rẹ èèyàn. Tí mo bá wà níbẹ̀, mi ò kì í pè é fún oúnjẹ títí á fi dákẹ́.